Ṣíṣe Ìwádìí Ìròyìn Di Dandan fún Mùsùlùmí

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní etí àti ojú. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

  

Ọ̀rọ̀ ìròyìn ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni ilé ìwé ìròyìn, ọ̀tọ̀ ni ilé rédíò, ọ̀tọ̀ sì ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, tó sì tún gbọ́ ọ lórí rédíò, a máa ní òun ti rí ẹlẹ́rìí méjì. Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀, torí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní akọ̀ròyìn tirẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ti wọnú ara wọn. Inú fóònù kan náà la ti ń ka ìwé ìròyìn, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ rédíò, ibẹ̀ náà la ti ń wo àwòrán. Akọ̀ròyìn kan ṣoṣo ni yóò kọ ọ̀rọ̀, tí yóò sọ ọ́, tí yóò sì ya fídíò rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni. Ìwàásù yìí pàápàá, ẹnìkan lè gbọ́ ọ lórí rédíò, kí ẹlòmíràn kà á nínú ìwé, kí ọmọ yín tó wà ní London sì gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ewu ibẹ̀ rèé: ọ̀rọ̀ tí a bá níbi mẹ́ta lè jẹ́ ti ẹnu ẹyọ ẹnìkan.

Ẹ rántí ọdún 2014. Oṣù keje ni àrùn Ebola wọ Èkó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí á mu omi iyọ̀, kí á sì fi wẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò lójú oorun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún ara wọn! Nínú oṣù kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ebola kọ́ ló pa wọ́n o. Ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò wádìí ló pa wọ́n.

Nínú Sūratul Hujurāt, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn níbi. Ohun tí àwọn onímọ̀ hadíìsì, irú Imām Bukhārī, sì ń bèèrè nìyẹn: "Ta ni o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Òun náà, ta ló sọ fún un?" Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń sọ hadíìsì kan, tó sì jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹnìkan náà ni wọ́n máa kà.

Nítorí náà, kí á tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á bèèrè ohun mẹ́ta. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ta ni yóò fara pa bó bá jẹ́ irọ́? Bí a kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́wọ́ wa. "Bí a ṣe gbà á la ṣe fi ránṣẹ́" kì í ṣe àwáwí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ má ṣe torí pé ẹ fẹ́ ṣáájú ẹgbẹ́ yín kẹ́ẹ fo ìwádìí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹnu wa ń gbààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìka tó ń tẹ fóònù náà gbààwẹ̀.

Ọlọ́hun má jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ pa ẹlòmíràn. Āmīn.