Ta Ni Yóò Kọ́ Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Àkàndá?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ní Ìkẹjà

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó sì kì mí nílọ̀ pé ìrẹsì ti jinná. N kò ní pẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé: "Ṣé torí àtikọ́ odi náà lèèyàn ṣe máa lọ gba dìgírì kejì ní yunifásítì? Ṣebí sùúrù àti ojú àánú ti tó?" Ó dára. Ìdáhùn mi rèé.

Ẹ wo àwọn bàbá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Ìkẹjà níbí. Ilé irú wọn ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti jáde. Bàbá á gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó ń sọ. Ìdí ni pé ariwo ẹ̀rọ kì í di etí pa lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìró tínínrín bíi "s", "ṣ" àti "f" ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù. Àwọn ìró tó ki, títí kan ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá, á ṣì máa wọlé.

Àwọn ọmọdé náà ń bẹ tí etí wọn rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pe irú ọmọ yẹn lórúkọ, á dáhùn, torí ó gbọ́ ohùn orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé kò gbọ́ràn? Ṣùgbọ́n ìyá ní "ṣọ́ àwo yẹn", ọmọ gbọ́ "fọ́ àwo yẹn". Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e: ìgbátí ni. Mo mọ ọmọ kan ní Agége tó lo ọdún mẹ́ta nínú kíláàsì kan náà. Wọ́n ní olóríkunkun ni, wọ́n ní ó ya dìndìnrìn, wọ́n gbé e dé ilé àdúrà. Etí ni. Ọdún mẹ́ta yẹn kò sì ṣeé dá padà fún un.

Sùúrù nìkan kò lè wo irú èyí rí. Ibẹ̀ ni dìgírì kejì ti wúlò. Ẹni tó ka NCE tàbí dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa ti mọ èdè ọwọ́ tàbí bréèlì, ó sì mọ bí a ti ń kọ́ni. Ẹni tó tẹ̀ síwájú ń kọ́ bí a ti ń wádìí: bí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìgbọ́ràn, bí a ti ń mọ̀ bóyá etí ni, ojú ni, ọpọlọ ni, tàbí ebi ilé. Lẹ́yìn náà ló ń kọ́ bí a ti ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ tó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Ọmọ tí ibà pọ́njú líle ba etí rẹ̀ jẹ́ ní ìkókó kò gbọ́ èdè kankan rí. Ọmọ tí àrùn yírùnyírùn di létí ní ọmọ ọdún méje ti ní Yorùbá lẹ́nu. Adití là ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ wọn bákan náà, ẹ ti rẹ́ ọ̀kan jẹ.

Ìwádìí tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí a fi ń yẹ etí àti òye ọmọ wò, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é. Ta ni yóò ṣe èyí tó mọ ìyàtọ̀ igbá, igba àti ìgbà, bí kò ṣe ọmọ Yorùbá tó kàwé débẹ̀?

A kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú tó wà ní Òṣòdì ti wà kí òmìnira tó dé. Ní 1960, Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, a dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè. Àwọn ilé-ìwé ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló kẹ́yìn. Àárín àwọn ọdún 1970 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka tirẹ̀. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà fún iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ jáde, tó ya abala kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ àkàndá.

Òfin náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Muhammadu Buhari tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé gbogbo ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá. Ó tún ní kí ìjọba gbé púpọ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yá, ẹ wọ ilé-ìwé láti Ògbà dé Dópémú, láti Oko-Ọba dé Agídìngbí, kí ẹ bi pírínsípà kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan yẹn dà? Òfin kì í kọ́ ọmọ, olùkọ́ ló ń kọ́ ọ.

Kí ló dé tí wọn ò pọ̀? Owó ni, àkókò ni. Olùkọ́ ìjọba tó ní ọmọ nílé, báwo ni yóò ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí Ìbàdàn? Bó bá sì parí ẹ̀kọ́ ọ̀hún, wọn á gbé e lọ sídìí tábìlì, tàbí kó gba Kánádà lọ. N kò bá a wí. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo mú wá.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa rán olùkọ́ kan, ọ̀kan péré, láti ilé-ìwé ìjọba ní agbègbè yìí. Kí a san owó ilé-ìwé àti owó ọkọ̀. Láti 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn ní ibùdó ní Agége, ó sì ní òmíràn ní Mọ́níyà. Kí olùkọ́ náà tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà wá sìn ní Agége tàbí Ìkẹjà fún ọdún mẹ́ta, nínú kíláàsì.

Èkejì, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ bá àwọn ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ariwo pọ̀ níbẹ̀, ó yẹ kó máa yẹ etí òṣìṣẹ́ wò. Kí wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ yẹn àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọjọ́ kan ní táàmù kan, ká fi yẹ etí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní wò.

Ẹ̀kẹta, kí ilé-ìwé wa gba àwọn tó ń ka máásítà láàyè láti wá ṣe iṣẹ́ ìdánrawò wọn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ níbi tí àwọn ọmọ wà ló máa mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹnì kan á ní, olùkọ́ kan ṣoṣo, kí ló lè dá ṣe? Ó lè sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n mú ọmọ yẹn jókòó níwájú, kí wọ́n kọjú sí i kí wọ́n tó lanu, kí wọ́n yé bá pátákó sọ̀rọ̀. Èyí kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ní Ọba Àkran, ẹnjiníà lẹ ń pè, ẹ kì í pe ẹni tó lójú àánú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kò kọ́ torí pé a kò mọ̀ ọ́n kọ́ wá ńkọ́? Akápò wa, ẹ ṣí ìwé yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ àwọn tó máa dá owó kí a tó dìde nídìí oúnjẹ.