Aṣọ Tó Ń Kojú Ìjì

Ìjì oṣù kẹta àti ìkẹrin, èyí tó máa ń ṣí páànù orí ilé ní Òṣogbo àti Iléṣà, kì í parí síbẹ̀. Ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, ìwọ̀ oòrùn ló ń forí lé: ẹ̀fúùfù á kọ́kọ́ dé, òjò á wá tẹ̀ lé e. Lójú òkun, àwọn atukọ̀ àtijọ́ máa ń rí i láti òkèèrè, ìkùukùu dúdú tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ láti apá ilẹ̀. Kó tó bá wọn, ìgbòkun ńlá gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀. Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó ní 1908, ìta gbangba lójú òkun ni ọkọ̀ ńlá ń dúró, kò sì sí ibi ìsádi.

Síbẹ̀, atukọ̀ tó gbọ́n kì í sábà ká gbogbo aṣọ tán. Ọkọ̀ tí kò ní aṣọ kankan lójú afẹ́fẹ́ kì í gbọ́ ti ìtọ́kọ̀ dáadáa. Ìgbì lè gbé e dábùú, kó sì dà á délẹ̀. Èyí tó ta aṣọ jù náà á dojú dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti aṣọ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ dín ìgbòkun ńlá kù: wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ká ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn kéékèèké tó wà lára aṣọ di í. Bí ìjì bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ká a tán, wọ́n á ta ìgbòkun ìjì dípò rẹ̀. Kékeré ni, ó ki, wọ́n rán ojú rẹ̀ léraléra, wọ́n sì fi aṣọ mìíràn lé igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí okùn ti ń fà á. Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, oníṣòwò aṣọ tó ń fìka méjì yẹ aṣọ wò kó tó rà á á mọ̀ lójú kan náà pé èyí kì í ṣe aṣọ ìmúròde. Lóde òní, àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò ni wọ́n fi ń ṣe é, kí àwọn tó ń wá ọkọ̀ lè rí i láàrin ìfóófòó omi.

Ní oṣù kẹjọ 1979, ọkọ̀ ìgbòkun 303 kópa nínú eré ìje Fastnet láàrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ìjì ká wọn mọ́ ojú omi. 15 nínú àwọn tó ń díje ló kú. Ọkọ̀ ìgbàlódé ni wọ́n fi ń díje o.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun àti ìjì yìí kan ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlù Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń lù ní Bahia ní Brazil títí dòní, tí wọ́n ń pè ní ijexá, ọkọ̀ ìgbòkun tó ń kó ẹrú ló gbé e débẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tójú rí nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣóògùn, kì í ṣe Òṣogbo. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gba òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ́wọ́ àwọn ará Potogí nínú ọkọ̀ Esperança Felix, nítòsí Èkó. Nǹkan bí oṣù méjì àtààbọ̀ ni wọ́n lò lójú omi, láàrin ìgbà ìjì gan-an, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà.

Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sí gun iyanrìn, àmọ́ wọ́n rí àwọn èèyàn inú rẹ̀ kó yọ. Òmíràn rì nínú ìjì. Nǹkan bí atukọ̀ márùn-ún ni wọ́n rí nínú ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n ti gbẹ kan eegun, wọn ò lè dìde dúró. Nínú àwọn ẹrú, ẹyọ ẹnì kan kò yọ. 102 nínú àwọn tí wọ́n jọ kó pẹ̀lú Àjàyí ló bá a lọ, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Inú Myrmidon ni Àjàyí fúnra rẹ̀ wà.