Eku Kò Jẹ̀bi, Irin Ni Ó Dún
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Àgbàrá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí jẹ mọ́ iyè ọmọ ènìyàn: bí iyè ti í so ohun méjì tí kò bá ara wọn tan pọ̀, àti ohun tí ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí èdè wa lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ tí fèrè ilé iṣẹ́ ń pè lọ jẹun lọ́sàn-án. Fèrè kì í ṣe oúnjẹ. Kò ní adùn, kò sì ní òórùn. Síbẹ̀, bí oṣù mélòó kan bá kọjá, itọ́ yóò máa yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ fèrè náà. Ivan Pavlov, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi ajá wádìí ọ̀ràn yìí. Ó rí i pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìró náà nìkan yóò mú kí itọ́ ajá máa dà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Nínú àrokò, ẹni tí ó bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan wí pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí ó bá so mẹ́jọ wí pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Kí ni owó ẹyọ ní í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́? Kò sí, àfi pé “ẹ̀fà” àti “fà” dún bákan náà. Ìró ni ó so wọ́n pọ̀, iyè sì gbà á. Àwọn baba wa mọ̀ọ́mọ̀ so ó ni, wọ́n sì so ó mọ́ rere.

Ṣùgbọ́n ibi pẹ̀lú ṣeé so mọ́ nǹkan. Ní ọdún 1920, ní Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, John Watson àti Rosalie Rayner mú ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert, tí kò tíì pé ọdún 1. Ọmọ náà kò bẹ̀rù eku funfun rárá. Wọ́n wá ń fi òòlù lu irin lẹ́yìn orí rẹ̀ nígbà tí eku bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà 7, ó rí eku nìkan, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù náà kò sì mọ lórí eku: ó bẹ̀rù ehoro, ó bẹ̀rù ajá, ó bẹ̀rù ẹ̀wù onírun. Iṣẹ́ ìkà ni, ṣùgbọ́n ó fi òótọ́ òwe wa hàn, pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Eku kò jẹ̀bi. Irin ni ó dún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí wo ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní ilẹ̀ wa ti ń na ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà wọn, tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn fún un, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Olùkọ́ tí ń ṣe é lè máà kórìíra Yorùbá. Ó fẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n iyè ọmọ kò mọ èrò olùkọ́. Ohun tí ó bá pàdé pọ̀ ni ó ń so: Yorùbá lẹ́nu, ẹgba lẹ́yìn. Ọmọ náà yóò dàgbà, ẹgba yóò tán, ìtìjú kò ní tán. Bí ìyá rẹ̀ bá kì í ní gbangba, ojú yóò tì í. Bí ehoro ti rí lójú Albert, bẹ́ẹ̀ ni òwe, oríkì àti orúkọ ìdílé yóò rí lójú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé Yorùbá gan-an ni ń dí ọmọ lọ́wọ́ ìwé. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 6 kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3, àwọn ọmọ Yorùbá wọ̀nyí ni ó ta yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Yorùbá kò jẹ̀bi àìmọ̀wé.

Kí ni àtúnṣe? Pavlov rí i pé bí ìró bá ń dún láìsí oúnjẹ, itọ́ a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ajá bá sinmi díẹ̀, itọ́ a tún padà. Nítorí náà, kò tó kí a sọ ẹgba nù nìkan. Ní ọdún 1924, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa ọmọ kan, Peter, tí ń bẹ̀rù ehoro. Bí ọmọ náà ti ń jẹ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, a ń gbé ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lára. Ohun dídùn ni a fi lé ẹ̀rù lọ.

Àgbàrá ti di ìlú ilé iṣẹ́. Àwórì, Ẹ̀gùn, Ẹ̀gbá, Ìgbò àti àwọn mìíràn jọ ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì wúlò láàárín wa, a kò sì bá a jà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé fi òpin sí ìtanràn náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ pa àlọ́ fún ọmọ nígbà oúnjẹ alẹ́; ẹ kì í ní òwúrọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ pe ọmọ tí ó mọ Yorùbá kà síwájú àwùjọ, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀bùn lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí a bá fi sí ẹ̀gbẹ́ èdè wa ni iyè ọmọ yóò so mọ́ ọn.