Ìjàpá Onísólà: Àtúnṣe Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ítálì àti ní Ilé-Ifẹ̀



Ní ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ Lamborghini ti Ítálì pàtẹ ọkọ̀ Miura ní Geneva. Ó rẹwà, eré rẹ̀ sì burú. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Iwájú ni táǹkì epo rẹ̀ wà. Bí epo bá ti ń fà, tí awakọ̀ sì ń tẹná mọ́ ọn, imú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárì ò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ́ńjìnnì àti gíá tún jọ ń mu ọ́ìlì kan náà: bí eyín gíá bá kán, ẹ̀rúnrún irin lè bá ọ́ìlì wọnú ẹ́ńjìnnì. Bob Wallace, ọmọ New Zealand tó ń bá wọn dán ọkọ̀ wò, ń wà á, ó ń padà wá sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí Miura SV fi jáde ní 1971, agbára ẹṣin 350 ti di 385, táyà ẹ̀yìn ti fẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n ya ọ́ìlì gíá sọ́tọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mọ àìsàn rẹ̀ kí wọ́n tó wò ó.

Tiwa ò jìnnà. Ní 2014 ni ìròyìn Ṣẹ́gun Oyèyíọlá kàn káàkiri, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tó sọ Volkswagen Ìjàpá di ọkọ̀ oníná. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ṣe é, àlòkù ló pọ̀ jù nínú ohun tó lò, síbẹ̀ owó tó ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 dọ́là. Ó gbé sólà sórí òrùlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjàpá mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé, àyè ẹrù ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Ibẹ̀ ló fi abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná sí. Gbogbo ẹ̀rọ yìí wúwo, ó fi sípíríǹgì tó le gbà á dúró. Bátìrì rẹ̀ máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó kún nígbà náà.

Mo yìn ín tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Afẹ́fẹ́ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, bátìrì náà ló ń sanwó rẹ̀. Iná tó bá tibẹ̀ wọlé kò lè tó èyí tó jáde. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú afẹ́fẹ́ nìkan ni èrè wà níbẹ̀. Èmi ìbá yọ abẹ̀bẹ̀ náà, kí n fi bátìrì rọ́pò rẹ̀, kí n sì jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán ṣiṣẹ́ lórí òrùlé nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ìdúró.

Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tí kò ní mítà tí a fi ń wọn iná lọ́wọ́ kò lè mọ iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, àfojúdá ni yóò máa ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa Ìgbàyè nílé lóko, mo bẹ̀ yín, ẹ dá owó jọ, kí ẹ ra mítà iná, ẹ̀rọ ìjórin àti bátìrì díẹ̀ sí iléèwé girama wa kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.