Iye Owó Ìkòkò Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Òwò Àwọn Amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì

  

Ó ṣọ̀wọ́n kí a dé ojúbọ kí a má bá ìkòkò níbẹ̀, yálà ti omi tàbí ti àgbo. Ní Ìsàn-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, obìnrin ni ó ń mọ ọ́n, ìyá ni ó sì ń kọ́ ọmọ. Ike àti páànù ti gba ọ̀pọ̀ ọjà wọn. Àwa olórìṣà wà lára oníbàárà tí ó ṣẹ́ kù.

Òwò tí kò lérè, ọmọ kì í fẹ́ jogún rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ ọwọ́ rìn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ìyá kan ná náírà 6,000 sórí amọ̀ àti igi. Ó mọ ìkòkò 24. Mẹ́rin fọ́ nínú iná. Ó ta 20 yòókù ní 500, ó gba 10,000, ó ní òun jèrè 4,000. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi ṣe é. Bí a bá ka iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí 2,000, àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ 22,000. Ìkòkò 20 tí ó là á já ni a ó pín in fún, kì í ṣe 24. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ná an ní 1,100 kí èrè tó dé. Ó ti ta iṣẹ́ ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ìmọ̀ kejì ni kí owó òwò yàtọ̀ sí owó ọbẹ̀. Èésú wà fún èyí. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Kí ẹni tí ó kàn láti kó o fi ra igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí amọ̀ kì í tètè gbẹ lójò, igi tútù kì í sì í jó dáadáa.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ná ìkòkò wálẹ̀ tayọ agbára ẹni tí ó mọ ọ́n, ta ni yóò mọ tàwọn ọmọ wa? Ẹ jẹ́ kí a máa bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ṣáájú ọdún òrìṣà, kí a san àsansílẹ̀, kí a sì san iye tí iṣẹ́ tọ́ sí.

Iná kò ní fọ́ ìkòkò wọn. Àṣẹ.