Sùúrù Lórí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Ní Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tí kì í ní egbò, tí kì í sì í wú, ṣùgbọ́n tí ó lè sọ alágbára di ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní. Àìsàn náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni àìsàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà yóò fajú ro. Bí ọjọ́ sì ti ń lọ, ara a máa tù ú. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dẹwọ́, tí oúnjẹ kò wu ènìyàn jẹ, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú ṣe mọ́, tí ó sì ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní "mú ọkàn le". Ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Oògùn wà fún àìsàn yìí, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1957 ni Dókítà Roland Kuhn, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kọ̀wé nípa oògùn imipramine, tí ó rí i pé ó ń gbé àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì dìde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amitriptyline dé. Ní 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí fluoxetine. Amitriptyline àti fluoxetine wà nínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń rí. Ká ní dókítà fún ìyàwó ilé kan, tí ó ń ta èlùbọ́, ní fluoxetine. Ní ọjọ́ kẹta, inú ń rú u, orí ń fọ́ ọ, kò rí oorun sùn, àyà rẹ̀ sì ń já bí ẹni tí ń retí ìròyìn búburú. Ìbànújẹ́ tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kò sì tíì dín rárá. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ìyàwó mi, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn yìí, orí kò fọ́ ọ. Dà á nù o, kí ó má baà ṣe ọ́ léṣe." Ní ọjọ́ keje, oògùn ti wà nínú ṣáláńgá.

Ìfẹ́ ni ìyá náà fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àdánù tí ó wà níbẹ̀. Ìyàwó ti jẹ ìyà ọ̀sẹ̀ tí ó le jù, ó sì da oògùn nù kí ọ̀sẹ̀ ìtura tó dé. Bí oògùn wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ ni pé wàhálà wọn a máa ṣáájú, àǹfààní wọn a sì máa kẹ́yìn. Ẹni tí ó gbin àgbàdo yóò rí koríko kí ó tó rí ọmọ àgbàdo. Àgbẹ̀ kì í tìtorí koríko fi oko sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Èròjà tí fluoxetine ń ṣiṣẹ́ lé lórí nínú ọpọlọ pọ̀ nínú ikùn pẹ̀lú. Nítorí náà ni inú fi máa ń tètè rú. Ọpọlọ ní tirẹ̀ kì í yára yí padà. Wàhálà ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìtura lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó kún.

Kí ni kí aláìsàn ṣe ní àkókò náà? Bí inú bá ń rú u, kí ó máa lo oògùn lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó sì máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dípò kí ó jẹ àjẹyó. Bí fluoxetine kò bá jẹ́ kí ó sùn, òwúrọ̀ ni kí ó máa lò ó. Amitriptyline ní tirẹ̀ a máa mú oorun wá, nítorí náà alẹ́ ni a sábà máa ń lò ó. A tún máa mú kí ẹnu gbẹ: kí aláìsàn máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa rún orin. Bí kò bá rí ìgbẹ́ yà, kí ó jẹ ẹ̀fọ́, ọsàn àti ìbẹ́pẹ, kí ó mu omi dáadáa, kí ó sì máa rìn. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó má ṣe dìde lójijì. Kí ó kọ́kọ́ jókòó lórí ẹní fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Títí yóò fi mọ bí oògùn ti ń ṣe é, kí ó má gun ọ̀pẹ, kí ó má sì wa alùpùpù. Bí ìfẹ́ lọ́kọláya bá sì dín kù, kí tọkọtaya má fi í ṣe ìjà. Kí wọ́n sọ fún dókítà, nítorí ó lè dín oògùn kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Kí aláìsàn má pa ohunkóhun mọ́ fún dókítà: oyún, àrùn ọkàn, àrùn ojú, àgbo, àti gbogbo oògùn mìíràn tí ó ń lò. Tramadol tí àwọn kan ń lò fún ara ríro lè bá oògùn wọ̀nyí jà, kí ó sì fa gìrì. Ọtí pẹ̀lú kò bá wọn rẹ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù. Bí ara bá gbóná janjan tí ó sì ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò já gaara mọ́. Bí gìrì bá mú aláìsàn. Bí ojú tàbí ètè bá wú. Bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́. Bí ó bá sì di ẹni tí kò sùn rárá síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni èrò láti pa ara ẹni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oògùn, pàápàá láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 25, èrò náà lè pọ̀ sí i. Ẹ bi aláìsàn léèrè pẹ̀lú ìfẹ́. Ìbéèrè kì í fi èrò burúkú sí ọkàn ẹni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a wí, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ti oògùn apakòkòrò mọ́ inú àpótí. Kí ará ilé kan sì máa tọ́jú oògùn aláìsàn náà, nítorí àpọ̀jù amitriptyline lè ba ọkàn jẹ́, kí ó sì pani. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o.

Bí ara bá yá tán, kí aláìsàn má dá oògùn dúró lójijì. A sábà máa ń lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Dókítà ni yóò sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gbàgbé láti lò ó lọ́jọ́ kan, kí ó má lo ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì.

Ní 1954, Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé ní àwọn abúlé itòsí, tí ìbátan wọn ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ètò náà lókìkí ní gbogbo àgbáyé. Ohun tí ó fi hàn ni pé oògùn nìkan kò tó. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó ilé bá ní inú ń rú òun ní ọjọ́ kẹta, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má ṣe ní kí ó da oògùn nù. Kí ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kí ó bá a ka ọjọ́, kí ó sì tẹ̀ lé e padà lọ bá dókítà.