Gàrí Tó Ń Lọ Sí Òkèèrè

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe oúnjẹ tí àwa ń jẹ ní Savalou tàbí ní Bantè níhìn-ín. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ wa tó wà lókèèrè ń wá kiri ni.

Ta ni nínú wa tí kò ní ẹnì kan lókèèrè? Ọmọ ẹlòmíràn wà ní Nàìjíríà, ó ń ṣiṣẹ́ oko. Àbúrò ẹlòmíràn wà ní Gabọn. Àwọn kan wà ní ilẹ̀ Faransé. Bí wọ́n bá pè wá lórí tẹlifóònù, a ó kí ara wa, a ó béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọ́n á ní: "Ṣé gàrí wà nílé? Ṣé ẹ lè rí ẹni tó ń bọ̀ wá?"

Ẹ má rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Oúnjẹ wà níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ ọkà àti iyán láti kékeré, búrẹ́dì kì í tó o. Ẹ wo Gabọn. Gbágùúdá pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ máa ń rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé wé e gbọọrọ bí ọ̀pá, wọ́n á sè é. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Savalou á jẹ ẹ́ tán, á tún máa wá gàrí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní London, ní ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WASU. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1933 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé òyìnbó kì í fẹ́ fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Oúnjẹ ilé wà lára ohun tó ń fa ènìyàn wá síbẹ̀. Àwọn tó lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn wọn kò rí èlùbọ́ rà. Kí ni wọ́n ṣe? Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ń ro ọkà. Àwọn mìíràn lo sẹmolínà. Wọ́n á bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n á di ojú, wọ́n á jẹ ẹ́.

Lónìí ó ti yàtọ̀. Ní Paris, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Château Rouge. Ní London, Peckham wà, ọjà Ridley Road sì wà ní Dalston. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí epo pupa, ẹ ó rí èlùbọ́, ẹja yíyan, ata, àti gàrí nínú ọ̀rá. Owó tí wọ́n ń tà á ni kì í ṣe ti ilé o!

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sẹ́yìn díẹ̀ sí i, nítorí àwọn kan wà tí kò sí ẹni tó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ni ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ouidah, lọ sí Brazil. Wọn kò gbé ẹrù kankan dání. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Bahia títí di òní, àwọn obìnrin ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa. "Acarajé" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà kan náà ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń lọ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀kọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni "acaçá", bí ará Kútọnu ṣe ń sọ pé akasa gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn aláàkàrà yìí sínú ìwé àwọn ohun ìní tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé gbágùúdá fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá láti Brazil. Gàrí tí à ń pè ní oúnjẹ ilé wa, àlejò ni nígbà kan.

Ó dáa. Bí gàrí bá wà ní Château Rouge, kí ló dé tí ọmọ wa tún ń béèrè ti Savalou? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gàrí wa kúná, ó gbẹ, ó sì ń dún lẹ́nu. Ní Kútọnu, bí obìnrin bá ti sọ pé gàrí Savalou ni òun ń tà, wọ́n á dúró wò ó. Orúkọ rere nìyẹn. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀, mo fẹ́ sọ bí èmi fúnra mi ṣe ba orúkọ náà jẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Paris ránṣẹ́ pé kí n fi gàrí kìlò 10 rán ẹnì kan tó ń bọ̀. Ọ̀la ni ẹni náà fẹ́ kúrò nílé. Mo sáré. Mo yan gàrí náà ní àṣálẹ́, mo bù ú sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dè é pinpin. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó pè mí. Gàrí ti bu, ó ń rùn. Gbogbo rẹ̀ ló dà nù. Ó ní kí n má bínú. Èmi ni mo yẹ kí n bẹ̀ ẹ́! Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé gàrí ilé òun ń bọ̀, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ooru ló ṣe é. Gàrí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń làágùn nínú ọ̀rá, bí ìdérí ìkòkò ṣe ń làágùn. Omi náà á kán padà sórí gàrí, á sì bu. Codex ni àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé. Wọ́n ní nínú gàrí kìlò 100, omi tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlò 12 lọ. A kò ní ẹ̀rọ tí a fi lè wọn èyí nílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un, kí o sì la ọwọ́. Bó bá di ìṣù, kò tíì gbẹ. Bó bá ń ṣàn láàárín ìka bí iyanrìn ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbẹ. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí yóò fi tutù pátápátá kí o tó dì í.

Ohun kejì ni oró. Gbágùúdá ní oró nínú, èyí tó korò ló sì ní in jù. Rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ jáde àti yíyan ló ń lé oró náà lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sáré nítorí owó, wọn kì í jẹ́ kí ó kan tó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ló ń lọ jẹ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè rán o. Àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Faransé kì í jẹ́ kí èrò láti ọ̀dọ̀ wa mú ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé. Nítorí náà ẹ fi wàgáṣì sílẹ̀, ẹ fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n tún ń béèrè ìwé àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewébẹ̀ tútù àti èso tútù. Iṣu wà nínú rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu, orí fóònù ni ọmọ tó wà ní Paris yóò ti máa wo iyán wa. Àwọn èso díẹ̀ bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn kò nílò ìwé náà.

Ibi tí ìwé tí ẹ ń kọ́ ti wúlò nìyí. Ẹ má rán ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn:

GÀRÍ SAVALOU
Semoule de manioc
Kìlò 5
Ọjọ́ tí a yan án: ..........
Ẹni tó yan án: ..........

Ìlà kejì jẹ́ èdè Faransé nítorí aṣọ́bodè tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìlà kẹta ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé e, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kì í fẹ́ kí àpò kan ju kìlò 23 lọ. Ẹ lo òṣùwọ̀n. Ẹ má fi ojú díwọ̀n ẹrù ẹlẹ́rù.

Mo tún rán òmíràn sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú. Mo jẹ́ kí ó kan, mo yan án, mo tẹ́ ẹ, ó tutù, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ orúkọ sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Nígbà tó gbà á, ó pè mí, kò sì sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún gàrí náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: "Ìyá, irú ńkọ́?"